Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Inú: Kí Ló Mú Tokyo Yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù?

Ibi tí oúnjẹ wa ń lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí. Àpòlúkù ni, àti jẹjẹrẹ tó máa ń mú un, pàápàá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn lẹ́yìn tí oníṣẹ́ abẹ bá ti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Bí ẹ̀mí ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gùn tó sinmi púpọ̀ lórí orílẹ̀-èdè tó ń gbé, ó sì yẹ ká mọ ohun tó fà á.

Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ń pè ní CONCORD-3. Orílẹ̀-èdè 71 ló kó àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún un. Wọ́n wo àwọn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn láàárín 2010 sí 2014, wọ́n yọ ikú tí nǹkan mìíràn fà kúrò nínú ìṣirò, wọ́n wá wo iye ẹni tó máa la ọdún márùn-ún já. Ní ti jẹjẹrẹ àpòlúkù, Gúúsù Kòríà ní nǹkan bí èèyàn 69 nínú 100. Jàpáànì ní 60. Amẹ́ríkà ní 33. Bìrìtéènì, tí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa fi ṣe ilé, ní 21.

Gbogbo ẹni tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn ni ìṣirò yẹn kó pọ̀, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá abẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sọ́tọ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú irú rẹ̀ ní Nẹ́dálándì, wọ́n sún mọ́ ìdajì. Nínú èyí tí àwọn ará Jàpáànì ṣe, wọ́n tó 70 nínú 100. Àwọn aláìsàn inú ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà, mo sì máa padà sórí ìyẹn, nítorí inú rẹ̀ ni apá kan ìdáhùn wà. Síbẹ̀, nígbà tí àlàfo bá fẹ̀ tó báyìí, ìdílé aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún tí wọn kì í ṣe níbí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí iṣẹ́ abẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1881, ní Vienna nílẹ̀ Ọ́sítríà, ni oníṣẹ́ abẹ Theodor Billroth gé apá ìsàlẹ̀ àpòlúkù obìnrin ẹni ọdún 43 kan, Therese Heller, tó sì rán èyí tó kù mọ́ ìfun. Jules Péan ti dán irú rẹ̀ wò ní Paris lọ́dún 1879, Ludwik Rydygier tó jẹ́ ará Pólándì náà dán an wò lọ́dún 1880, aláìsàn méjèèjì ló kú. Therese Heller ní tirẹ̀ yè é. Ojú abẹ rẹ̀ jiná, ó jẹun, ó padà sílé. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó kú. Kì í ṣe ojú ibi tí Billroth rán ló já. Jẹjẹrẹ yẹn ti kọjá ibi tí ọ̀bẹ dé kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá.

Ọ̀nà wo ló ń gbà kọjá? Yí àpòlúkù ká, lẹ́bàá àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, àwọn kókó kéékèèké kan wà tó ń sẹ́ omi ara. Irú wọn ló máa ń wú sí wa ní abíyá bí egbò bá wà lápá. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ àpòlúkù sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà Jàpáànì kóra jọ, wọ́n fún àwọn kókó wọ̀nyí ní nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì kọ ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ìwòsàn wọn ń tẹ̀ lé. Àwọn kókó tó lẹ̀ mọ́ àpòlúkù gan-an, bí èèyàn bá yọ àwọn yẹn nìkan, wọ́n ń pè é ní D1. Bó bá tún wọlé síwájú, tó yọ àwọn tó wà lẹ́bàá iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá, D2 nìyẹn. D2 di ojoojúmọ́ fún wọn. Àwọn aláìsàn wọn ń pẹ́ láyé, àwọn ará Yúróòpù sì ń wò wọ́n láti òkèèrè pẹ̀lú iyèméjì.

Láàárín 1989 sí 1993, àwọn ará Nẹ́dálándì pinnu pé àwọn yóò wádìí rẹ̀ fúnra wọn. Oníṣẹ́ abẹ kan láti Tokyo, Mitsuru Sasako, wá sí orílẹ̀-èdè wọn láti kọ́ wọn. Ilé ìwòsàn 80 ló kópa. Kèké ni wọ́n fi pín àwọn aláìsàn, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́: àwọn kan gba D1, àwọn kan gba D2. Èèyàn 711 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún pẹ̀lú ìrètí pé àrùn náà yóò kúrò pátápátá. Nínú 380 tó gba D1, 15 ló kú nítorí iṣẹ́ abẹ náà. Nínú 331 tó gba D2, 32 ló kú. Ìyẹn 4 nínú 100 lápá kan, 10 nínú 100 lápá kejì. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, iye tó ṣẹ́kù láyé nínú ìpín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 45 nínú 100 fún D1, 47 fún D2. Ìwádìí Bìrìtéènì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tó gba èèyàn 400, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 13 nínú 100 ló kú lẹ́yìn D2, 6 àbọ̀ lẹ́yìn D1.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní Yúróòpù sọ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé ohun tí Jàpáànì ń ṣe kò wúlò fún àwọn. Èmi ò gbà pé ohun tí ìwádìí yẹn sọ nìyẹn. Ẹ bá mi pín èèyàn 711 sí ilé ìwòsàn 80. Kò pé 9 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ọdún mẹ́rin! Ọwọ́ wo ló fẹ́ mọ iṣẹ́ tó le báyìí nígbà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń kàn án nínú ìwádìí náà? Lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànì, ilé ìwòsàn 24 ló kópa nínú ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995. D2 ló kéré jù tí wọ́n ṣe níbẹ̀, wọ́n sì tún yọ kókó síwájú sí i fún àwọn kan. Nínú èèyàn 523, mẹ́rin péré ló kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìlànà kan náà ni, lórí ìwé kan náà. Wọ́n kó ìlànà yẹn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yúróòpù, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún tí ọwọ́ àwọn ará Jàpáànì fi mọ̀ ọ́n kò bá a lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń dùn mí bí mo bá ń kà á. Nígbà náà, láti rí i pé àwọn yọ gbogbo kókó tó jìnnà, wọ́n sábà máa ń gé ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen, tó wà lápá òsì ikùn, àti ìrù ẹ̀yà ara mìíràn tí wọ́n ń pè ní pancreas, tó wà nítòsí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ikú yẹn ti wá: omi pancreas á máa jò sínú ikùn, ìdọ̀tí á wọ ojú abẹ. Àwọn ará Ítálì wá gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ilé ìwòsàn díẹ̀ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni wọ́n lò, wọn ò sì gé pancreas àyàfi bó bá pọndandan. Ikú lẹ́yìn D2 wá sílẹ̀ sí bíi 2 nínú 100, tí ti D1 sì jẹ́ 3. Àwọn ará Jàpáànì alára padà wádìí spleen yìí, wọ́n sì fi hàn ní 2017 pé bí jẹjẹrẹ kò bá sí lẹ́bàá rẹ̀, kò sí èrè nínú yíyọ ọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé ara òyìnbó kò gba D2. Ọwọ́ tó ṣe é, àti ohun tí wọ́n gé mọ́ ọn láìnídìí, ni ẹjọ́ wà fún.

Àwọn ará Nẹ́dálándì yẹn ṣe ohun kan tí mo yìn wọ́n fún. Wọn ò pa ìwé náà dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn aláìsàn wọn títí ó fi pé ọdún 15. Ní 2010 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: nínú àwọn tó gba D1, 48 nínú 100 ni jẹjẹrẹ náà padà pa, nínú àwọn tó gba D2, 37. Àǹfààní tí wọ́n ní kò sí ti wà níbẹ̀ látìgbà yẹn. Ikú ìbẹ̀rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe nípa ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n dín ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà kù. Dẹ́nmákì kó o láti ilé ìwòsàn 37 sí 5. Ikú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó jẹ́ bíi 8 nínú 100 wá sílẹ̀ sí bíi 2 àbọ̀. Nẹ́dálándì náà fi ìlànà lélẹ̀ pé láti 2013, ilé ìwòsàn tí kò bá lè ṣe é fún 20 aláìsàn lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ṣe é mọ́. Èyí máa ń bí àwọn èèyàn nínú, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò jìnnà fún iṣẹ́ abẹ nígbà tí ilé ìwòsàn wà ní ìgboro. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, a ó lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìṣirò fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà máa ń pín àrùn yìí sí ìpele gẹ́gẹ́ bó ṣe tàn tó, wọ́n á wá fi ìpele kan ní Tokyo wé ìpele kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dà bíi pé òdodo ni, ṣùgbọ́n ẹ wo òkìtì iṣu méjì lọ́jà, ọ̀kan fún iṣu tó dára, èkejì fún èyí tó ti ń jẹrà. Ẹni tó wo iṣu láti òde nìkan á fi àwọn kan tí ìdí wọn ti ń rọ̀ díẹ̀ sínú òkìtì rere. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ yẹ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò á kó àwọn yẹn lọ sínú òkìtì kejì. Òkìtì rere á túbọ̀ dára. Òkìtì kejì náà á tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì bàjẹ́ tó àwọn tó bá níbẹ̀. Òkìtì méjèèjì gbé pẹ́ẹ́lí, bẹ́ẹ̀ iṣu kan ṣoṣo kò sàn. Bó ṣe rí pẹ̀lú kókó inú ikùn nìyẹn. Dókítà tó yọ 30, tó wo gbogbo wọn lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, á rí jẹjẹrẹ níbi tí ẹni tó yọ márùn-ún ti sọ pé kò sí. Ìdí rèé tí ìlànà fi sọ pé ó kéré tán, kókó 15 tàbí 16 ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó dárúkọ ìpele. Apá kan àlàfo àárín orílẹ̀-èdè jẹ́ ti ìṣirò báyìí. Apá kan ni o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Àwọn tí àrùn náà ń bá jà kò rí bákan náà pẹ̀lú, bí mo ṣe sọ ṣáájú. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ kí jẹjẹrẹ wà lókè, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé àpòlúkù, ibẹ̀ sì le láti gé. Àwọn aláìsàn ibẹ̀ sábà máa ń dàgbà jù, ọ̀rá ikùn wọn sì máa ń pọ̀ jù. Ní 2010 àwọn olùwádìí fi aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní New York wé ti ilé ìwòsàn kan ní Gúúsù Kòríà, wọ́n sì fara balẹ̀ yọ gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí kúrò nínú ìṣirò. Àlàfo náà dín kù. Kò parẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ìdí kan ṣoṣo, àkókò tí wọ́n rí àrùn náà ni màá mú. Ní 1950 ni ilé iṣẹ́ Olympus àti dókítà Tatsuro Uji ṣe kámẹ́rà kékeré tí èèyàn lè gbé mì ní Jàpáànì, nítorí jẹjẹrẹ àpòlúkù ń pa wọ́n bí ẹni gbálẹ̀. Láti nǹkan bí 1960 ni ọkọ̀ onírédíò-X ti ń lọ káàkiri ìletò agbègbè Miyagi láti ya ikùn àwọn èèyàn tí ohunkóhun kò ṣe. Lónìí, nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ àpòlúkù tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ló jẹ́ èyí tó ṣì wà ní ojú awọ inú, tí kò tíì wọlé lọ. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìpele yẹn, ó ju 90 nínú 100 lọ tó ń pé ọdún márùn-ún. Ní Gúúsù Kòríà, ìjọba ń pe gbogbo ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún fún àyẹ̀wò ní ọdún méjì-méjì.

Ẹnì kan lè ní, ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ ni? Ìbéèrè gidi ni. Bí èmi àti ẹ̀yin bá máa kú lọ́jọ́ kan náà, ẹni tí wọ́n tètè sọ fún ni yóò dà bí ẹni tó pẹ́ jù láyé pẹ̀lú àrùn. Nítorí náà, iye ẹni tó kú ni kí a wò. Àwọn ará Kòríà wò ó, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2017: fún àwọn tó ti gba àyẹ̀wò ẹ́ńdóskópì, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí tí wọ́n ń tì gba ọ̀fun wọ inú, ewu kí jẹjẹrẹ àpòlúkù pa wọ́n fi nǹkan bí ìdajì dín kù. Fún àwọn tó gba fọ́tò rédíò-X nìkan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀. Ìyè gidi ni ẹ́ńdóskópì mú wá, kì í ṣe ti orí ìwé.

Ẹ wo Sadaharu Oh, gbajúgbajà eléré baseball ilẹ̀ Jàpáànì, tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá ní ìgbà 868. Oṣù Keje ọdún 2006, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 66, wọ́n yọ gbogbo àpòlúkù rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, ihò kéékèèké ni wọ́n gbà ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó padà sí iṣẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ eléré rẹ̀. Ó ti kọjá ẹni ọgọ́rin ọdún láyé.

Oògùn náà ní ipa tirẹ̀. Ìwádìí kan ní Bìrìtéènì, tí wọ́n pè ní MAGIC, fi hàn ní 2006 pé bí wọ́n bá fún aláìsàn ní oògùn jẹjẹrẹ ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, iye tó ń pé ọdún márùn-ún lọ láti 23 sí 36 nínú 100. Jàpáànì ní oògùn oníhóró tiwọn tí aláìsàn ń lò fún ọdún kan lẹ́yìn abẹ. Ibi tí òye iṣẹ́ abẹ kò tó, oògùn ń bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Ilé wa ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ yìí ni Helicobacter pylori, èyí tí Barry Marshall àti Robin Warren ṣàwárí ní Ọsirélíà, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2005. Ó pọ̀ nínú ikùn wa. Síbẹ̀ jẹjẹrẹ àpòlúkù kò pọ̀ láàárín wa bíi ti Kòríà. Dókítà Holcombe, tó wádìí kòkòrò yìí ní àríwá Nàìjíríà, pe àkíyèsí sí ohun ìyanu yìí ní 1992, wọ́n sì ṣì ń jiyàn lé e lórí. Nítorí náà, n kò ní kí ìjọba máa pe gbogbo ẹni ogójì ọdún fún ẹ́ńdóskópì bíi tiwọn. Ohun tó ń pa àwọn tiwa ni pípẹ́ kí wọ́n tó lọ yẹ inú wò. Inú á máa ta èèyàn, wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ni, á ra oògùn ọgbẹ́ inú ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, ara á rọ̀ ọ́. Oògùn yẹn lè mú ìrora jẹjẹrẹ náà rọlẹ̀, kí àrùn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ó ti dé ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, bí inú bá ń ta yín tí kò lọ, bí oúnjẹ díẹ̀ bá ń yó yín lójijì, bí ara bá ń rù láìjẹ́ pé ẹ dín oúnjẹ kù, bí ẹ bá ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú kirikiri, ẹ má ra oògùn mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ́ńdóskópì, ẹ ní kí wọ́n wo inú yín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ẹ ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé, ẹ béèrè ohun tí oògùn náà wà fún.

Bó bá sì di ti iṣẹ́ abẹ, níbi yòówù kó jẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń ṣe irú èyí lọ́dún, ṣé oògùn máa ṣáájú abẹ? Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ béèrè pé kókó mélòó ni wọ́n yọ, mélòó ni jẹjẹrẹ wà nínú wọn. Ẹ gba ìwé àbájáde náà, ẹ tọ́jú rẹ̀, nítorí dókítà tó kàn yóò béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ gbogbo àpòlúkù, ara kò ní lè fa fítámì B12 láti inú oúnjẹ mọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni aláìsàn yóò máa gbà títí ayé, oúnjẹ rẹ̀ á sì di díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. B12 tó kù nínú ara lè gbé e fún ọdún bíi mélòó kan kí àìtó rẹ̀ tó hàn, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ti gbàgbé abẹ́rẹ́. Ẹ fi ọjọ́ rẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì nínú ẹbí.